Yàrá Òkùnkùn: Òjìji Dà?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ fẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ náà á fẹ̀. Kí àwọn méjì yòókù má bínú.

Ìbéèrè

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń fi kámẹ́rà àtijọ́ kan tí mo jogún ya fọ́tò dúdú-àti-funfun. Fíìmù Ilford HP5 Plus elójú 36 ni mò ń lò, mo sì ti ya róòlù mẹ́ta tán. Ilé ìfọ-fọ́tò ló fọ méjì àkọ́kọ́, èmi fúnra mi ni mo fọ ẹ̀kẹta. Mo mú fọ́tò mẹ́rin nínú wọn lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n yà jù mí lọ, mo ní kí wọ́n sọ òótọ́ fún mi. Ẹnì kan ní ó ṣókùnkùn jù. Ẹlòmíì ní ó rí bí eérú, kò sí dúdú, kò sí funfun. Ẹnì kẹta ní igi hù lórí ọ̀rẹ́ mi. Ẹnì kẹrin ní gbogbo wọn ló dáa gan-an, kí n má dúró. Fọ́tò àga, èyí tí mo fọ fúnra mi, kò sẹ́ni tó dá sí i. Ta ni kí n gbà gbọ́? Mo fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí yín: ìyá arúgbó kan, ọmọkùnrin orí kẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi lábẹ́ igi, àti àga náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàánú mi.

*Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Orí Rẹ̀ Dàrú*

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹni tó ní gbogbo wọn ló dáa yẹn ni kí o kọ́kọ́ gbàgbé. N kò ní ó parọ́ fún ọ, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ràn rẹ ni. Ṣùgbọ́n wo ọ̀rọ̀ náà, àríwísí: ohun tí a rí ni a ń wí sí. Ẹni tí kò bá fi ìka kan ibì kan lórí fọ́tò, kí ó ní “ibí yìí ni mò ń wí”, kò tí ì wí sí nǹkan kan. Àwọn mẹ́ta yòókù fi ìka kàn án. Mo yẹ àwọn fọ́tò náà wò, òótọ́ ni gbogbo wọn rí. Ohun tó dà ọ́ lórí rú ni pé o rò pé ẹjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń dá. Ti ìyá arúgbó ló ṣókùnkùn. Ti abẹ́ igi ló rí bí eérú, òun náà sì ni igi hù lórí ẹni inú rẹ̀.

Àmọ́ èmi náà kò kọ́kọ́ gba ojú mi gbọ́, nítorí àwòrán tí ẹ̀rọ síkáànù ti tún ṣe ni o fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ yẹn a máa ṣàánú ènìyàn. Bí fíìmù bá gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ jù, á fipá tan iná sí i lójú. Bí ó bá gbà jù, á tẹ̀ ẹ́ rì. Ohun tó bá gbé jáde, èrò tirẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá èsì padà pé kí o na fíìmù náà síwájú ojú fóònù tó funfun báláú, kí o fi fóònù mìíràn ya òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú etí rẹ̀ méjèèjì níbi tí ihò wà. O ṣe é lọ́jọ́ kejì, o sì kọ àlàyé díẹ̀ mọ́ ọn nípa bí o ṣe ya fọ́tò wọ̀nyí. Mo dúpẹ́, torí ọ̀pọ̀ kì í ṣe é.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bí mo bá gbé fọ́tò tí mo tẹ̀ sórí pépà lọ bá a, kì í wò ó. Á na ọwọ́ kí n mú nẹ́gẹ́tíìfù wá, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀, á gbé e sójú fèrèsé, á sì bi mí ní ọ̀rọ̀ méjì péré: “Òjìji dà?” Ibi tó ṣókùnkùn nínú ohun tí mo yà ló ń bèèrè, bóyá ó fi àmì kankan sílẹ̀ lórí fíìmù. Bí mo bá lè fi hàn án, á mi orí. Bí n kò bá lè fi hàn án, á dá a padà fún mi, ó parí. Ọdún kan gbáko ni mo fi rò pé ọkùnrin yìí kórìíra mi. Jẹ́ kí èmi náà bi ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Òjìji dà? Kò sí. Lórí nẹ́gẹ́tíìfù, ohun tó ṣókùnkùn a máa mọ́ gaara, ohun tó mọ́ a sì máa dúdú. Ibi tí ojú ìyá náà wà lórí fíìmù rẹ mọ́ bíi gíláàsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ìmọ́lẹ̀ tó dé ibẹ̀ kò tó láti fi àmì kankan sílẹ̀. Kò sí oògùn, kò sí pépà, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè wá ojú yẹn rí, nítorí kò fìgbà kan wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ síkáànù sa agbára rẹ̀, hóró-hóró eérú ló rí kó jọ, òun ni o rò pé awọ ara ni.

Wo etí fíìmù náà wàyí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà síbẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́, a kì í rí i títí a ó fi fọ fíìmù. Tìrẹ dúdú, ó hàn kedere. Nítorí náà àwọn tó fọ̀ ọ́ kò ṣẹ̀ ọ́. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ tó ni, nọ́ńbà yẹn ìbá ṣá pẹ̀lú. Ìgbà tí o tẹ bọ́tìnì ni nǹkan ti bàjẹ́.

Ògiri funfun tó wà lẹ́yìn ìyá náà ló fà á, oòrùn sì ń ràn sí i. Mítà inú kámẹ́rà, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, kò mọ ìyá, kò mọ ògiri. Ohun kan ṣoṣo ló gbà gbọ́: pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun, bí a bá pò ó pọ̀, eérú àárín ni, irú èyí tó ń dá ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e padà. Ògiri gba ibi tó pọ̀ jù, mítà ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, kí o dín in kù, o sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ògiri di eérú, ojú ìyá di ọ̀gbun.

Nígbà mìíràn, sún mọ́ ẹni tí o fẹ́ yà. Jẹ́ kí ojú rẹ̀ nìkan kún inú kámẹ́rà, ka ohun tí mítà sọ, kí o tó padà sẹ́yìn. Ẹ̀tàn kejì wà níbẹ̀ o. Bí awọ ẹni náà bá dúdú, mítà á tún fẹ́ sọ ọ́ di eérú àárín, á ní kí o bu ìmọ́lẹ̀ sí i ju bó ti yẹ lọ. Dín sítọ́ọ̀pù kan kù nínú ohun tó bá sọ, ìyẹn ni pé kí ìmọ́lẹ̀ já sí ìdajì. Ansel Adams àti Fred Archer, ayàfọ́tò méjì ará Amẹ́ríkà, ló to ọ̀rọ̀ yìí létòlétò ní nǹkan bí ọdún 1940. Wọ́n pín ohun gbogbo láti dúdú biribiri dé funfun báláú sí ipele mọ́kànlá, láti 0 dé 10. Eérú àárín wà ní 5, òjìji tí a ṣì lè rí ohun inú rẹ̀ wà ní 3, awọ dúdú sì sábà máa ń bọ́ sí 4. Bí ìṣirò yìí bá ti ń sú ọ, na àtẹ́lẹwọ́ rẹ sínú irú ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ojú ẹni náà, ka mítà lára rẹ̀, kí o wá fi sítọ́ọ̀pù kan kún un. Àwọ̀ ara yàtọ̀ síra gan-an, àtẹ́lẹwọ́ kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. N kò rò pé ọ̀rọ̀ mítà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó bá a mu.

Ọmọkùnrin orí kẹ̀kẹ́. O ní lẹ́ńsì rẹ ti bàjẹ́ nítorí pé ọmọ náà kò mú. Lẹ́ńsì rẹ kò ṣe nǹkan kan. Òkúta ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀ mú kedere, mo lè kà wọ́n. Ọmọ náà ló sáré ju ṣọ́tà rẹ lọ, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó sì ń pa kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n, ohun gbogbo ni ìbá fà sí ọ̀nà kan náà. Bó bá jẹ́ pé fókọ́ọ̀sì ló ṣì, ohun mìíràn níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ìbá mú dípò rẹ̀. O ní o rántí pé f/16 àti 1/60 lo lò: f ni bí ihò lẹ́ńsì ti fẹ̀ tó, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ihò ń fẹ̀ tó; 1/60 ni ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí ṣọ́tà fi ṣí. Ṣí lẹ́ńsì dé f/5.6 kí o gbé ṣọ́tà lọ sí 1/500, ìmọ́lẹ̀ kan náà ló máa wọlé. Ohun tí kò sí ẹni tó bá ọ sọ ni pé táyà iwájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí àwòrán. Ọmọ ń sáré, kò sí ibi tí ó ń sáré lọ. Fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ lábẹ́ igi. Igi tó hù lórí rẹ̀, ìgbésẹ̀ kan sí ọ̀tún ìbá ti yọ ọ́ kúrò. Ojú wa méjèèjì a máa ya ohun tó súnmọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jìnnà, ìdí nìyẹn tí o kò fi rí i. Kámẹ́rà olójú kan ni, á lẹ gbogbo wọn mọ́ra. Di ojú kan kí o tó tẹ bọ́tìnì, ìwọ náà á rí igi yẹn.

Ọ̀rọ̀ eérú ló gba àlàyé. O kọ̀wé pé aṣọ pupa ni ọ̀rẹ́ rẹ wọ̀, pé ó ń tàn yanran láàárín ewé. Ó tàn lójú rẹ. Fíìmù dúdú-àti-funfun kò mọ pupa, kò mọ àwọ̀ ewé. Bí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó nìkan ló mọ̀. Aṣọ pupa àti ewé tútù lè dá ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan náà padà, kí àwọn méjèèjì sì di eérú kan náà. Àwọ̀ ló mú ọ ya fọ́tò yìí, àwọ̀ ni fíìmù sì kọ́kọ́ jù nù. Ẹni tó ní ó rí bí eérú kò mọ̀ pé pupa kan wà níbẹ̀ rí. Ta ni yóò sọ fún un?

Fílítà wà fún irú èyí. Gíláàsì aláwọ̀ tí a ń fi bo lẹ́ńsì ni. Ó máa ń mú kí àwọ̀ tirẹ̀ mọ́ sí i nínú fọ́tò, kí àwọ̀ tó dojú kọ ọ́ sì ṣókùnkùn. Fílítà aláwọ̀ ewé ìbá mú kí ewé mọ́, kí aṣọ dúdú. Fílítà pupa ìbá yí i padà, àmọ́ fílítà pupa tó jinlẹ̀ á gba sítọ́ọ̀pù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ, abẹ́ igi sì nìyí, ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè rọrùn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: kì í gbà ju sítọ́ọ̀pù kan, á sì jẹ́ kí àwọsánmà yọ lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n má tíì ra nǹkan kan. Fún oṣù kan, kí o tó ya ohunkóhun, fún ojú pọ̀ títí àwọ̀ á fi ṣá lójú rẹ, kí o wo ohun tó ṣẹ́kù: kí ló mọ́, kí ló ṣókùnkùn, ibo ni wọ́n ti pàdé.

Àga òfìfo. Mo fi í sẹ́yìn nítorí pé ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lórí tábìlì mi. Àga onígi kan, oòrùn ìrọ̀lẹ́ láti ojú fèrèsé, òjìji tó gùn ju àga fúnra rẹ̀ lọ. Òjìji yẹn rìn lórí ilẹ̀, ó dé ìdí ògiri, ó ṣẹ́, ó wá gun ògiri lọ sókè. Ibi tó ti ṣẹ́ yẹn ni fọ́tò náà wà. Ó dá mi lójú pé ìwọ náà rí i, torí ó hàn pé o lóṣòó kí o tó yà á. Àwọn mẹ́rin tí o fi hàn kò dá sí i nítorí pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ojú ọ̀pọ̀ wa, ènìyàn ló kọ́kọ́ ń wá. Ohun funfun kan wà ní igun òsì nísàlẹ̀, bóyá korobá, bóyá pépà, ó ń jí ojú mi gbé ní gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó. Gé e kúrò nígbà tí o bá ń tẹ fọ́tò náà. Bí kò bá ṣeé gé, oòrùn á tún wọlé láti fèrèsé yẹn lọ́la.

Òjìji dà? Ó wà! Mo rí ìlà ara igi lẹ́sẹ̀ àga níbi tó ṣókùnkùn jù lọ. Ọ̀gá mi ìbá mi orí fún ọ. Ìmọ́lẹ̀ gan-an ni kò sí. Ibi tí oòrùn ti kan ògiri dúdú lórí nẹ́gẹ́tíìfù débi pé iná kò fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, funfun lásán ni, ògiri ti lọ. Nọ́ńbà etí fíìmù yìí sì nípọn, ó wú. Ìfọ̀ ló pọ̀ jù. O ní o fi ìṣẹ́jú 13 fọ̀ ọ́ nínú ID-11, oògùn ìfọ-fíìmù, tí o fi omi là ní ìdajì sí ìdajì. Ìwọ̀n HP5 Plus nìyẹn lóòótọ́, bí oògùn náà bá wà ní ìwọ̀n 20 (Celsius) lórí tẹ̀mómítà. O kò kọ bí tìrẹ ti gbóná tó. Èmi náà ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí. Ẹni tí kò kọ ọ́ kò wọ̀n ọ́n. Ní ìwọ̀n 24, ìṣẹ́jú bíi mẹ́sàn-án ti tó. Tẹ̀mómítà ni kí o rà kí o tó ra fílítà.

Wo àwọn ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ti ibi ihò etí fíìmù wọ inú ògiri. O mi táǹkì tí o fi fọ fíìmù bí ẹni ń fọ igo, oògùn sì ń tú já gba inú àwọn ihò yẹn. Dojú táǹkì kodò lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 àkọ́kọ́, gbé e sílẹ̀, kí o tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Jẹ́jẹ́. Kàn án mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀kan kí hóró afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ fíìmù lè bọ́.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ti wọ yàrá òkùnkùn mọ̀: òjìji ni à ń ya fọ́tò fún, ìmọ́lẹ̀ ni à ń fọ fíìmù fún. Bí bọ́tìnì bá ti lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ òjìji ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ìfọ̀ kò ní nǹkan púpọ̀ tí yóò fi kún un. Ibi tó mọ́ ni ìṣẹ́jú ìfọ̀ ń mú dàgbà. Ìyá arúgbó rẹ ṣẹ̀ sí apá kìn-ín-ní ọ̀rọ̀ yìí, àga rẹ ṣẹ̀ sí èkejì.

O bi mí pé ta ni kí o gbà gbọ́. Ẹni tó bá tọ́ka ni, kí o sì lọ bi nẹ́gẹ́tíìfù bóyá ó gbè é. Ṣùgbọ́n ìwọ náà jẹ wọ́n ní gbèsè. O kó fọ́tò mẹ́rin síwájú ènìyàn, o ní kí wọ́n sọ òótọ́. Òótọ́ nípa kí ni? Kọ gbólóhùn kan sẹ́yìn fọ́tò kí o tó fi han ẹnikẹ́ni: “Mo fẹ́ kí a rí bí ojú ìyá yìí ti rẹ̀ tó.” Má kà á sí wọn létí. Jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, kí o wá yí fọ́tò padà kí o fi ti ẹ̀yìn wé tẹnu wọn. Ibi tí àwọn méjèèjì kò ti bára mu ni iṣẹ́ rẹ wà lọ́sẹ̀ yẹn.

Kí o sì ra ìwé kékeré kan. Nọ́ńbà ojú fíìmù, f, ṣọ́tà, ibi tí o ti ka mítà. Lẹ́yìn róòlù mẹ́ta, nínú ojú 108, ẹyọ kan ṣoṣo ni o rántí ohun tí o ṣe sí i, ti ọmọ orí kẹ̀kẹ́. Báwo ni èmi yóò ṣe sọ fún ọ pé kí o fi kún un tàbí kí o yọ nínú rẹ̀, nígbà tí o kò mọ iye tó wà níbẹ̀? Bí o bá ń tún nǹkan ṣe, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ẹnì kan tó yí fíìmù, oògùn àti lẹ́ńsì padà lọ́sẹ̀ kan náà. Fọ́tò rẹ̀ dára sí i. Títí dòní kò mọ èyí tó ṣe é nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Seydou Keïta, ayàfọ́tò ọmọ Mali tó ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀ ní Bamako lọ́dún 1948, kámẹ́rà ńlá tó ń gba fíìmù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 13, tó gùn ní 18, ló lò, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì sábà máa ń ya oníbàárà. Ó ti to ọwọ́, ó ti tún aṣọ ṣe, ó ti wo ẹ̀yìn kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Àríwísí rẹ̀ ti ṣíwájú fọ́tò. Fi àga yẹn dánrawò bẹ́ẹ̀. Ojú mẹ́fà péré, kì í ṣe róòlù odindi. Fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú etí fíìmù.

Ìbéèrè

Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ló jẹ́ kí n ráyè kọ́ bí a ṣe ń ya fọ́tò fíìmù. Àwa mẹ́fà la máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti wo iṣẹ́ ara wa. Ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀. Ó ní mo máa ń bá ènìyàn jiyàn, pé n kì í gba àríwísí. Èmi kì í jiyàn, àlàyé ni mò ń ṣe. Ta ló tọ̀nà?

*Bàbá Aláàlàyé*

Ìdáhùn

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín rí nǹkan. Nígbà tí ẹ bá ń sọ, bí àpẹẹrẹ, pé òjò ti fẹ́ẹ̀ rọ̀, pé orí àpáta tó ń yọ̀ ni ẹ dúró sí, etí ni wọ́n fi ń wo fọ́tò náà nígbà yẹn. Òjò kò sí nínú rẹ̀. Àpáta kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí yóò rí fọ́tò yín lẹ́yìn ọ̀la, ẹ kò ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé fún un.

Ẹ dán èyí wò. Ẹ gbé fọ́tò sílẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ohun kan ṣoṣo: “Ibo ni ojú yín kọ́kọ́ lọ? Ibo ló lọ tẹ̀lé e?” Lẹ́yìn náà ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ojú ènìyàn mẹ́ta bá lọ síbi tí ẹ kò fẹ́, fọ́tò ló rán wọn níbẹ̀, ẹ̀bi wọn kọ́. Bí ẹnì kan bá sì ní òun ìbá dúró sí òdìkejì odò kí òun fi lẹ́ńsì mìíràn yà á, fọ́tò tirẹ̀ ni ó ń ṣàpèjúwe. Ẹ kí i, kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Níbẹ̀ mo gbè yín.

Ẹ tún máa mú pépà àwòyẹ̀wò dání, ìyẹn pépà kan ṣoṣo tí a tẹ gbogbo ojú 36 sí bí wọ́n ti wà lórí fíìmù láìsọ wọ́n di ńlá. Pépà tó fẹ̀ ní ínǹṣì 8, tó gùn ní 10, gbà wọ́n. Ẹ fún wọn ní bírò, kí wọ́n fa ìlà yí èyí tí àwọn ìbá yàn ká. Ẹ̀yin ti yan tiyín sí ìwé ọ̀tọ̀ nílé. Mo ti rí i tí ènìyàn márùn-ún jọ yan ojú kan tí ẹni tó yà á kò kà sí rárá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín náà yàn.

Ìbéèrè

Àǹtí, mo fọ fíìmù mi àkọ́kọ́ lánàá. Ó jáde gaara, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣé oògùn ló jẹ ẹ́ ni?

*Ọwọ́ Mi Ṣófo*

Ìdáhùn

Pẹ̀lẹ́ o. Kí ló wà ní etí rẹ̀?

Bí kò bá sí nọ́ńbà, kò sí orúkọ, bó ti mọ́ láàárín náà ló mọ́ létí, á jẹ́ pé dẹfẹ́lọ́pà kò ṣiṣẹ́: bóyá ó ti kú, bóyá fíkísà lo kọ́kọ́ dà sínú táǹkì. Dẹfẹ́lọ́pà ló ń mú àwòrán jáde. Fíkísà ló ń wẹ ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn dànù. Bí fíkísà bá ṣíwájú, á kó gbogbo rẹ̀ lọ kí àwòrán tó yọ, kò sì sí àtúnṣe. Mo ti ṣe é rí. Fíìmù ìgbéyàwó ni, ti ẹlòmíì sì ni, ìgò méjì tó jọra ló wà lórí tábìlì mi. N kò ní sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń so okùn pupa mọ́ ọrùn ìgò fíkísà, mo sì ń tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún bí n ó ṣe lò wọ́n, kí n tó ṣí ìkankan.

Bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀, tó dúdú dáadáa, fara balẹ̀: o fọ fíìmù rẹ bó ti yẹ, a kò ya nǹkan kan sí i ni. Ó lè jẹ́ pé ṣọ́tà kò ṣí, ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnu fíìmù yọ kúrò lára ọ̀pá tó ń fà á. O ń tẹ bọ́tìnì, kámẹ́rà ń ka 12, 13, 14, fíìmù jókòó jẹ́jẹ́ sínú ago rẹ̀. Nígbà tí o bá fi òmíràn sí i, yí ọwọ́ tí a fi ń dá fíìmù padà díẹ̀ títí yóò fi le, kí o wá fa ojú tó kàn. Ọwọ́ yẹn gbọ́dọ̀ yí fúnra rẹ̀ bí fíìmù ti ń lọ. Bí kò bá yí, ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà kí o tún un fi sí. O kò tíì ya nǹkan kan, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́ ju ojú méjì tàbí mẹ́ta tó wà níwájú lọ.